Ewúrẹ́ Tí Mo Kọ́ Bí A Ṣe Ń Lẹ Táyà

Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi kò mọ ohun kan fi ọwọ́ ṣe. Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ni wọ́n sọ ọ́, wọn kò sì sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ níbi tí a ti ń bó àgbàdo, wọ́n sọ ọ́ lóko, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn tó wá kí wa kú ọdún. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni ọkùnrin náà. Mùsùlùmí ni àwọn ará ilé rẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń tà káàkiri àwọn ọjà orí ilẹ̀ wa, òun náà sì ń tà á. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bí ó bá tú aṣọ sílẹ̀ níwájú obìnrin, obìnrin náà á gbàgbé pé iṣu lòun wá rà lọ́jà. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ abúlé Odomẹta ni bàbá mi, ẹnu dídùn kì í kọ ebè.

“Kí ni ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe?” Ìbéèrè wọn nìyẹn. “Bí aṣọ bá tán láyé, kí ni yóò fi bọ́ ọmọ mi?”

Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta, kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè, iyọ̀ á pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ tí mò ń sè lọ́wọ́. Ìyá mi ì bá bá mi bẹ bàbá mi, ṣùgbọ́n ìyá mi ti kú ní ọdún mélòó kan ṣáájú, kò sì sí obìnrin mìíràn nínú ilé tí bàbá mi ń fetí sí.

Ẹlòmíràn sì wà tó ń tọrọ mi. Ọkùnrin opó kan ní Okpomẹta ni, oko rẹ̀ lọ salalu. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, kò sí èyí tí kò mọ̀: ó lè kọ́ abà, ó lè gbẹ́ kànga, ó lè hun apẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bí ó bá wá sílé wa, bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìdájí nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá sì la ẹnu láti dá a lóhùn, á na ọwọ́ sókè, á ní, “Dúró ná.” Ó sọ “dúró ná” fún mi, ó sọ ọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ó tilẹ̀ sọ ọ́ fún àkùkọ kan tó ń kọ lọ́jọ́ kan. Mo máa ń ronú pé bí mo bá fẹ́ ọkùnrin yìí, orí ìdúró ni màá kú sí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Kétu ni olórí ẹbí wa. Àwọn ló máa dá ilé méjèèjì lóhùn. Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kí wọ́n wá fi ẹnu ara wọn sọ ẹni tí wọ́n mú, kí wọ́n sì mú èmi náà dání. Ọjọ́ tí a dá ń bọ̀, n kò sì mọ ọ̀rọ̀ tó wà níkùn bàbá mi. Mo fi ọgbọ́n bi wọ́n léèrè nígbà kan. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé, “Mò ń wò ó.”

Bí ọmọ Àjàṣẹ́ ṣe gbọ́ pé a ń lọ sí Kétu, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ pupa ẹnu ọ̀nà wa.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé Kétu. Ẹsẹ̀ yín kò ní kan ilẹ̀.”

Mo rò pé wọ́n máa kọ̀. Wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi kì í tètè gba nǹkan. Bí wọ́n bá gba ọkọ̀ rẹ̀ báyìí, a jẹ́ pé wọ́n fẹ́ wò ó nítòsí ni.

Òmìnira tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Faransé kò tíì pẹ́ nígbà náà. Ọmọ Àjàṣẹ́ lẹ àsíá bébà kékeré kan mọ́ iwájú ọkọ̀, àsíá náà nìkan ló sì tuntun lára rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti darúgbó, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí láti inú, èkejì kì í ṣí láti ìta. Bàbá mi jókòó níwájú. Èmi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ewúrẹ́ pupa kan tó lágídí, èyí tí a ń mú lọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo fi ìborùn bo orí àti ojú mi, nítorí pé níbi tí wọ́n ti bí mi, ọmọbìnrin tí wọ́n ń tọrọ kì í bá ẹni tó ń tọrọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú bàbá rẹ̀. Bí ó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, á sá wọ ilé tó bá sún mọ́ ọn. Nínú ọkọ̀, kò síbi tí mo lè sá sí, àfi kí n sá sábẹ́ aṣọ.

Bí a ṣe ń lọ, ọmọ Àjàṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara rẹ̀ lárugẹ. Ó nawọ́ sábẹ́ àga, ó yọ àpótí páànù kékeré kan jáde, ó gbé e lé bàbá mi lẹ́sẹ̀.

“Bàbá, ẹ wò ó. Kútọnu ni mo ti rà á. Gbogbo ohun tí a fi ń lẹ pínẹ́ ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní in kò nílò kó máa wá oníṣẹ́ kiri mọ́, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.”

Pínẹ́ ni àwa níbẹ̀ ń pe táyà, láti ẹnu àwọn Faransé. Bàbá mi ṣí àpótí náà. Wọ́n rí àwọn àbùlẹ̀ rọ́bà róbótó-róbótó, wọ́n rí àtè nínú ọ̀pá kékeré kan, wọ́n rí páànù olójú wẹ́wẹ́ bí èyí tí a fi ń rin gbágùúdá. Wọ́n dé e padà.

“O ti lò ó rí?”

“Bàbá, ọkọ̀ mi kì í jò.”

Bàbá mi ní, “Hùn-ún.” Ní ẹnu bàbá mi, “hùn-ún” gùn ju ọ̀rọ̀ àlùfáà lọ.

A kò tíì kọjá oko ọ̀pẹ tó tẹ̀ lé e tán tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ó tiro lọ díẹ̀, ó dúró. A sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ọ̀tún tó wà lẹ́yìn ti tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ wò ó títí bí ẹni pé ìtìjú lè mú kó dìde.

“Ẹsẹ̀ kejì tí wọ́n máa ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ ńkọ́?” Bàbá mi ló bèèrè.

“Bàbá, mo yọ ọ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, kí àyè lè gba aṣọ tí mo kó wá fún yín.”

“Ẹ̀hẹ́n. Ṣé ká ró aṣọ mọ́ ọkọ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà náà?”

Wọ́n lọ jókòó sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n gbé agbè omi wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yọ orógbó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ Àjàṣẹ́ bí ẹni ń wo eré. Èmi fa ewúrẹ́, mo lọ jókòó sórí òkìtì ọ̀gán kan tó ti kú, mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí wọn bó ṣe yẹ kí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe. Mo mọ̀ pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yìí ni bàbá mi máa gbé dé Kétu.

Ohun tí ẹ̀yin kò mọ̀, tí ọmọ Àjàṣẹ́ náà kò sì mọ̀, ni pé mo mọ bí a ṣe ń lẹ táyà. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin tó wà ní Okpomẹta ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì lẹ rọ́bà kẹ̀kẹ́ títí ó fi sú mi. Ti ọkọ̀ kò yàtọ̀, ó kàn sanra ni. Mo mọ̀ ọ́n, n kò sì lè sọ̀rọ̀. Ẹ kò tíì mọ ìyà tí í jẹ ẹnu àyàfi tí ẹ bá jókòó wo ẹni tí ẹ fẹ́ràn níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ní ìdàkudà.

Ó gbé kíríkì jáde, irin tí a fi ń gbé ọkọ̀ sókè. Ó gbé e lé erùpẹ̀ lásán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Dípò kí ọkọ̀ gòkè, kíríkì ló ń wọlẹ̀. Ó yí i, ó yí i, òógùn bò ó. Bàbá mi bu orógbó jẹ.

Ara mi kò gbà á mọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n má bá ewúrẹ́ wí. Ọ̀nà àwọn obìnrin wa nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìyàwó tí kò lè bá ìyá ọkọ rẹ̀ wí á bá adìẹ wí. Bí orogún bá jí ẹran nínú ìkòkò, ológbò ló máa gbọ́ èébú. Mo fa okùn ewúrẹ́ mi, mo gbé ohùn sókè.

“Ìwọ ewúrẹ́ yìí, o kò lójú ni? O kò rí i pé ilẹ̀ rọ̀? Ẹni tó bá fẹ́ dúró lórí erùpẹ̀, ṣebí á kọ́kọ́ wá pákó tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀!”

Ewúrẹ́ wò mí tìyanu-tìyanu. Orí ilẹ̀ ló ti ń jẹ koríko rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ Àjàṣẹ́ náà gbójú sókè, ó wo ewúrẹ́, ó wo ilẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó lọ fa pákó kan yọ nínú ọkọ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ kíríkì. Ọkọ̀ gòkè. Ó wá fẹ́ tú àwọn irin tó de ẹsẹ̀ ọkọ̀, bó bá sì ti ń yí i ni ẹsẹ̀ náà ń bá a yí lófuurufú.

“Ewúrẹ́!” mo tún pariwo. “Bí mo bá fẹ́ tú okùn ọrùn rẹ, ṣé ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ wà nílẹ̀ ni màá tú u, àbí ìgbà tí mo bá gbé ọ sókè tí o ń jà ràpàràpà? Wá sílẹ̀! Jẹ́ kí n dẹ okùn yìí ná, kí n tó gbé ọ!”

Ọmọ Àjàṣẹ́ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó dẹ àwọn irin náà, ó tún gbé ọkọ̀ sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Mo sì rí ẹ̀rín kan tó sá wọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, tó tètè gbé e mì nítorí bàbá mi.

Láti ìgbà náà ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Bó ti fi irin bọ etí táyà láti fa rọ́bà inú jáde, ó bèèrè láìgbójú sókè pé, “Ewúrẹ́, ṣé báyìí ni?” Èmi náà á ní, “Rọra, ewúrẹ́, má fi eyín bu awọ tó wà nínú jẹ!” Á sì rọra. Igbó ni bàbá mi kọjú sí, bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ láti ibẹ̀.

Rọ́bà inú jáde, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ó wá kù kí ó mọ ibi tó ti jò. Ibí yìí ni ó ti ṣe ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé mi jẹ́.

Ẹ rántí pé ọmọ Àjàṣẹ́ ni. Omi ló yí ìlú wọn ká, ẹ̀yìnkùlé wọn ni ọ̀sà wà. Ọmọ Àjàṣẹ́ á fi igbá omi kan fọ ìka ẹsẹ̀ kan. Lọ́dọ̀ wa, orí òkè gbígbẹ ni a wà, kànga wa jìn débi pé bí ọmọdé bá sọ òkúta sí i, á ti gbàgbé kí òkúta tó dún. Omi òjò ni a ń gbé pamọ́ sínú ìkòkò di ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tí a fi fọ ojú, òun la fi ń fọ ẹ̀fọ́, èyí tó bá ṣẹ́kù di ti ewúrẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn pọ́ńbélé sì ni ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ ti bẹ́ wa létè.

Ọmọ Àjàṣẹ́ gbé búta omi tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó gbé e sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi náà sórí rọ́bà. Kò gbé nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Omi ń ṣàn kọjá lórí rọ́bà, ilẹ̀ ń mu ún. Ó dà á títí ó fi tán, kò sì rí ihò. Ó wá yíjú, ó na ọwọ́ sí agbè bàbá mi.

Bàbá mi fò dìde. N kò tíì rí i kí wọ́n fò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbá agbè mọ́ àyà.

“Omi! O da omi sílẹ̀! Ọmọkùnrin yìí da omi sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn!”

“Bàbá, ẹ má bínú, mo rò pé...”

“Wọ́n ní òmìnira ti dé, wọn kò ní omi ti dé! Rọ́bà jò, mo ní kò burú. Kò ní ẹsẹ̀ kejì, mo ní kò burú. Omi!” Wọ́n wo ibi tí ilẹ̀ ti mu omi náà, wọ́n mi orí bí ẹni ń kí olókùú.

Ó ti tán, mo wí fún ara mi. Mo ti rí ara mi ní Okpomẹta, mo ti ń gbọ́ “dúró ná”. Omijé dé ojú mi lábẹ́ ìborùn, inú sì bí mi gan-an sí ọmọ Àjàṣẹ́. Irú ọkùnrin wo ló máa da omi sílẹ̀ lójú àgbẹ̀? Ìbínú náà ló jẹ́ kí ohùn mi le.

“Ewúrẹ́ aláìmoore! Ṣé omi nìkan ló tutù láyé ni? Itọ́ ẹnu rẹ ńkọ́? Fi lá ara rẹ! Ibi tí itọ́ bá ti ń hó, ibẹ̀ ni egbò wà!”

Ọmọ Àjàṣẹ́ kò jiyàn. Ó gbé rọ́bà lé orúnkún, ó ń tutọ́ sí ìka, ó ń fi pa á yí ká. Ó pa á títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tó rí i pé itọ́ ti tán, ó gbé etí lé rọ́bà, ó di ojú, ó ń fetí sílẹ̀. Ó tún tutọ́ díẹ̀. Lójijì ó kígbe, “Ó ń hó! Ewúrẹ́, ó ń hó!” Ihò náà kò tó ojú abẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ló dá a.

Àsìkò yẹn ni ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ dé láti ọ̀nà Kétu. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó dúró ń wò wá. Ọmọ Àjàṣẹ́ fẹ́ fa àtè yọ, èmi sì ń bú ewúrẹ́ lọ́wọ́ pé ẹni tó ní egbò á kọ́kọ́ fá ìdọ̀tí ojú rẹ̀ kúrò kó tó fi oògùn sí i. Ọmọ Àjàṣẹ́ gbé páànù olójú wẹ́wẹ́, ó ń fi rin ojú rọ́bà náà.

Oníkẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Ta ni ọ̀gá níbí gan-an? Obìnrin tó wà lórí òkìtì yẹn ló ń kọ́ ọkùnrin níṣẹ́!” Ó yíjú sí ọmọ Àjàṣẹ́. “Ọ̀rẹ́, ojú kò tì ọ́? Ẹnu ọmọ yìí ti pọ̀ jù. Ọkùnrin wo ló máa gbé irú ẹnu báyìí sínú ilé?”

Mo ti la ẹnu láti fún un ní tirẹ̀, n kò tilẹ̀ ní fi ewúrẹ́ ṣe bojúbojú, nígbà tí ọmọ Àjàṣẹ́ sọ̀rọ̀. Kò gbé orí sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú, erùpẹ̀ pupa ti kún irùngbọ̀n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò tíì mọ èyí tó kàn.”

Oníkẹ̀kẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá mi wúkọ́ níbi tí wọ́n jókòó sí.

Ewúrẹ́ gbójú sókè, bí ẹni tó ń retí èébú rẹ̀. Nígbà tí mo máa fi la ẹnu, ohùn mi ti rọ̀.

“Ewúrẹ́, fi oògùn náà sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Má tíì bò ó o. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i títí kó fi gbẹ. Ẹni tó bá kánjú bò ó, á tún un ṣe.”

Ó fi àtè pa á, ó sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé ibẹ̀ kó tó fà á padà. Ó gbé e sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Bí a ti ń dúró kí àtè gbẹ, àkókò ìrun ọ̀sán tó, kò sì sí omi àlùwàlá mọ́, ilẹ̀ ti mu ún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lu erùpẹ̀, ó fi pa ojú àti ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe gba ẹni tí kò rí omi láyè, ó kírun tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó jókòó, bàbá mi ti agbè wọn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Mu. Má dà á sílẹ̀.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mu díẹ̀ péré, ó dá a padà.

Àtè gbẹ, ó lẹ àbùlẹ̀ náà, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ kó rọ́bà padà sínú táyà. Mo ní, “Ewúrẹ́ òpònú! O fi oògùn sí ẹsẹ̀, ẹ̀gún ṣì wà nínú bàtà!” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ki ọwọ́ bọ inú táyà, ó ń fọwọ́ pa á yí ká. “Yéè!” Ó fa ìka jáde, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀gún ọ̀pẹ ni, ó ti gún táyà já. Ó fà á yọ, ó gbé e fún bàbá mi wò. Wọ́n gbà á, wọ́n wò ó, wọ́n sọ ọ́ sínú igbó.

Ó kó rọ́bà padà, ó fi póńpù fẹ́ ẹ, ó sì de ẹsẹ̀ náà padà mọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ dìde, a wọlé, ó lọ. Láti ibẹ̀ dé Kétu, mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn bàbá mi, mo ń gbìyànjú láti kà á, n kò rí nǹkan kan kà. Omi tó dà sílẹ̀ yẹn ni mò ń rò.

Bàbá mi ní kí ọmọ Àjàṣẹ́ dúró lẹ́nu odi ìlú, kó dúró de wa níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, nítorí kò yẹ kí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó sí i. Èmi àti wọn fi ẹsẹ̀ rìn wọ ìlú, mo ń fa ewúrẹ́. Nígbà tí a dé ibi tí èrò ti dín kù, wọ́n dúró.

“O rò pé n kò gbọ́.”

“Kí ni, Bàbá?”

“Gbogbo ohun tí ò ń sọ fún ewúrẹ́.”

Mo wolẹ̀. Wọn kò bínú. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wò, wọn kò wò mí.

“Bí ìyá rẹ ṣe ń ṣe nìyẹn. Adìẹ ni tirẹ̀. Ọdún tó máa kú, ó ń da ọkà fún adìẹ lẹ́yìn ilé, ó ń sọ fún wọn pé ẹ̀gbẹ́ ń dun òun, pé ó ti pẹ́, pé ì bá wu òun kí ẹnì kan gbé òun dé ilé ìwòsàn ní Kétu. Orí ẹní ni mo wà, mo gbọ́. Mo ní bó bá le tó bẹ́ẹ̀, á wá sọ fún mi lójú. Kò sọ fún mi lójú.”

Ohun tí wọ́n ti ń sọ fún mi láti ọdún yẹn ni pé àìsàn ìyá mi dé lójijì. Mo dúró níbẹ̀ tí okùn ewúrẹ́ wà lọ́wọ́ mi, inú bí mi sí wọn, àánú wọn sì ṣe mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Wọ́n ti ń lọ níwájú. Mo tẹ̀ lé wọn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gba ewúrẹ́, wọ́n kí wa, wọ́n bèèrè oko àti ilé. Wọ́n wá ní, “Ó dáa, ta ni o mú? Ọmọ Àjàṣẹ́ yẹn, o ti ń ráhùn pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́. Ó ti wá mọ̀ ọ́n?”

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n,” ni bàbá mi wí. “Kò mọ nǹkan kan. Ó da odidi búta omi sílẹ̀ lójú mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún un, ó ń gbọ́. Níwájú ẹni tó ń fi í ṣẹ̀sín, ó ṣì gbọ́. Òun ni mo mú.”

Wọ́n wá yíjú sí mi. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tí í bi ọmọbìnrin ní irú ìbéèrè yìí lójú àgbà. Bí ó bá tẹrí ba, tó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ya ilẹ̀, wọ́n á ní ó ti gbà.

“Ìwọ ńkọ́?” ni bàbá mi wí. “Sọ ọ́ fún mi. Mò ń gbọ́.”

Mo ṣí ìborùn kúrò lójú mi. “Bàbá, òun ni mo fẹ́,” mo wí, ojú wọn ni mo sì wò sọ ọ́.